Lọ́ọ̀jì Tí Wọ́n Fi Ẹfun Ya Sílẹ̀

Wọ́n ti ká ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò mi sókè kí n tó débẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń bínú. Ó ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe ẹsẹ̀ ni?" Mo ní kó fara balẹ̀, pé èmi náà ò mọ̀dí ẹ̀. Bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ mi. Ìkejì ti lọ jókòó sábẹ́ igi, ó ń gba atẹ́gùn.

Iwájú lọ́ọ̀jì ẹgbẹ́ awo àwọn Fírímésìn ní Láfẹ́ńwá ni mo wà, ilé olópòó funfun tí gbogbo àdúgbò máa ń yára kọjá níwájú ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ilé náà ò dúró sójú kan. Tí mo bá rìn síwájú, á sún sẹ́yìn díẹ̀, bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ mú.

Bàbá àgbà mi ni mo wá pè. Ọmọ ẹgbẹ́ lọ́ọ̀jì yẹn ni wọ́n nígbà ayé wọn. Wọ́n ti kú láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì, a sin wọ́n, mo sì jẹ ìrẹsì níbẹ̀ yó. Àmọ́ Màmá àgbà, ìyàwó wọn, ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ nílé, wọ́n sì búra pé àwọn ò ní fọwọ́ kàn án títí ọkọ àwọn á fi dé. Ebi ń pa wọ́n. Wọ́n ní, "Tètè lọ pè wọ́n wá, kó má lọ jẹ́ pé èmi náà lẹ máa tún sin." Mo bá gbéra.

Pa Kóṣémání ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n mú idà dání níta nígbà tí àwọn tó kù bá ń ṣèpàdé nínú ilé. Idà náà ni wọ́n fi ń bó ọsàn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Gbogbo ayé ló ń jẹ́ èmi. Èmi wo?"

"Ọmọọmọ Pa Ṣówándé."

"Ṣówándé tó máa ń sùn nípàdé? Kanlẹ̀kùn."

Mo kàn án. Ilẹ̀kùn ní, "Rọra o! Láti ayébáyé lẹ ti ń gbá mi níwájú orí. Ẹ ò bi mí rí bóyá mo ti jẹun." Mo bẹ̀ ẹ́, ó ṣí.

Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, ńṣe ni dúdú ń lé funfun kiri. Àwọn àgbà tó wọ kóòtù, tí wọ́n sán bàǹtẹ́ funfun lé e, ń kẹ́rù. Wọ́n ní ọjọ́ ìṣílọ ni. Ọ̀gá wọn, Pa Ṣógbamu, gbé apẹ̀rẹ̀ kan dání, wọ́n faṣọ bò ó, ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ ẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀, sà?"

"Ìlà-oòrùn ni," ni Pa Ṣógbamu wí. "Ọ̀gá lọ́ọ̀jì gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí oòrùn ti ń yọ. Ilé tá a kọ́ yìí ò dojú kọ ibì kankan tó dáa, la bá ń gbé tiwa kiri."

"Bàbá àgbà mi dà?"

"Kò sí ní ilé yìí. Ilé tá à ń lò ká tó kọ́ eléyìí la gbàgbé ẹ̀ sí."

Pa Ṣógbamu jókòó lórí àga kan tó ń rìn, wọ́n ń ṣàlàyé bó ṣe ń gbé wọn lọ. "Ká tó nílé, pálọ̀ onípálọ̀ la ti ń ṣèpàdé. A máa ń fi ẹfun ya lọ́ọ̀jì sílẹ̀ẹ́lẹ̀: òpó, àtẹ̀gùn, òṣùpá, ìràwọ̀. Tá a bá parí, a máa fi omi àti mọ́ọ̀pù nù ún kí onílé má bàa rí i. Ká tó nù ún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde. Lọ́jọ́ kan, a wà ní pálọ̀ ọ̀gá rélùwéè. Rélùwéè fun fèrè, gbogbo wa tú jáde. Kò sẹ́ni tó nù ún. Bàbá ẹ ò sì dìde."

"Ẹ gbà mí o. A sin wọ́n!"

"Kóòtù ẹ̀ lẹ sin."

"Ta wá ló ń fi pàṣán nà mí nílé nígbà yẹn?"

"Kóòtù náà ni."

Mo rò ó wò. Ọwọ́ kóòtù yẹn le lóòótọ́.

Pa Ṣógbamu ṣí aṣọ orí apẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ògiri ká bí ẹní, a ti wà níbòmíì. Àmọ́ a ti padà sẹ́yìn kọjá ibi tí à ń lọ. Ilé àkọ́kọ́ pátápátá la bọ́ sí, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹni tó ń ta agboòrùn. A ń gbọ́ táwọn agboòrùn ń ṣí, tí wọ́n ń pa dé nísàlẹ̀, bí ẹni ń mí. Irun Pa Ṣógbamu ti dúdú. Idà Pa Kóṣémání ti di àdá, torí idà gidi ò tíì dé láti òkè òkun. Àjà yàrá náà rẹlẹ̀ débi pé gbogbo wa ló tẹríba. Pa Kóṣémání ní ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ títẹríba nínú lọ́ọ̀jì, pé àwọn tó dé lẹ́yìn rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ara mi ò balẹ̀. Ebi tó ń pa Màmá ni mò ń rò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bò ó díẹ̀." Wọ́n bo apẹ̀rẹ̀, ògiri tún ká, a bọ́ sí pálọ̀ ọ̀gá rélùwéè.

Bàbá àgbà jókòó sílẹ̀ láàárín ẹfun, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn wọn. Rélùwéè ń gba inú ògiri kọjá, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

"Àkànmú," ni Bàbá wí, "o ti ga, o ò sì gbọ́n."

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Màmá ní kí ẹ wá jẹun."

"Kí ló sè?"

"Láfún àtọbẹ̀ ilá."

"Ẹja wà níbẹ̀?"

"Ẹja wà níbẹ̀, sà."

Wọ́n gbé itọ́ mì. Wọ́n fẹ́ dìde, ẹfun dì wọ́n mú lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, "Lọ́ọ̀jì ò tíì parí. Nù ún."

Mọ́ọ̀pù tó fẹ̀yìn ti ògiri wúkọ́. Ó ní, "Kí n má purọ́ fún ẹ. Baba yìí ti pẹ́ níbẹ̀ jù, wọ́n ti di ẹfun. Tómi bá kàn wọ́n pẹ́nrẹ́n, omi á gbé wọn lọ."

Tí mo bá nù ún, Bàbá lọ nìyẹn. Tí n ò bá nù ún, Màmá ò ní jẹun. Gbogbo àwọn àgbà ń wò mí. Mo bi Pa Ṣógbamu pé, "Sà, ṣé òfin sọ bí lọ́ọ̀jì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó?"

"Òfin ò sọ."

Mo mú ẹfun. Mo fa ìlà méjì láti ẹ̀gbẹ́ Bàbá, mo fà á gba ẹnu ọ̀nà, mo fà á kọjá irin rélùwéè, mo fà á wọ títì. Bàbá dìde, wọ́n ń rìn láàárín ìlà. Inú lọ́ọ̀jì ni wọ́n ṣì wà. Àwọn àgbà ń sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n ń pariwo, torí ẹni tó bá ti tẹ ìlà ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ewúrẹ́ kan tẹ̀ ẹ́, bàǹtẹ́ yọ nídìí ẹ̀. Pa Kóṣémání na idà sí i, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ewúrẹ́ ní, "Mẹ̀ẹ́."

"Ẹ ò rí i?" ni Pa Kóṣémání wí. "Ó ti tú àṣírí."

Ẹfun ń kúrú lọ́wọ́ mi. Ilé wa ń sún mọ́ wa, ó tún ń sá. Ìka mi ti ń bó. Ó kù díẹ̀ kí ìlà kan ẹní tí Màmá jókòó lé, ẹfun tán.

Bàbá dúró sí òpin ìlà. Màmá wò wọ́n látòkè délẹ̀.

"Ibo lẹ fi kóòtù yín sí?"

"Ẹ ti sin ín."

Màmá gbé àwo láfún, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ìlà. Pa Ṣógbamu figbe ta. "Obìnrin ò gbọdọ̀ wọ lọ́ọ̀jì!"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sè é ni?"

Màmá ò tiẹ̀ wojú wọn. Wọ́n jókòó ti ọkọ wọn, wọ́n gbé oúnjẹ sáàárín. Wọ́n ní, "Àkànmú, bu omi wá kí bàbá ẹ fọwọ́."

Mo dúró. Mọ́ọ̀pù, tó ti bá wa rìn délé, ń mi orí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣíbí jẹ ẹ́."

"Láfún? Ṣíbí?"

Bàbá náà wò mí, bí kóòtù ṣe máa ń wò mí. Mo bu omi. Wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Omi funfun bíi wàrà. Ọwọ́ ò sí mọ́, apá ń lọ, síńgílẹ́ẹ̀tì rọra wó sílẹ̀.

Màmá bu òkèlè, wọ́n fi kan ọbẹ̀. Ní apá kejì àwo, níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí, láfún ń já ní òkèlè òkèlè, ó ń dín. Ẹja pín sí méjì fúnra ẹ̀.

Màmá ní, "Ẹ rọra, egungun wà níbẹ̀."