Ìwúkàrà Tí Mo Pọ̀n

Bàbá Ṣadé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Ilé àyẹ̀wò ni mo wà lójú àlá, ó sì rẹ̀ mí bó ṣe rẹ̀ mí lánàá. Mo ń wá orúkọ ìwúkàrà àjèjì kan, kòkòrò àìfojúrí tó bá èyí tó ń mú búrẹ́dì wú tan, tí a bá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló, nítorí bí a ò bá mọ orúkọ rẹ̀, dókítà ò lè mọ oògùn tí yóò pa á. Ìwúkàrà náà wú jáde nínú àwo àyẹ̀wò, ó gbóná bí ara ọmọ, mo bá fi ọ̀já gbé e pọ̀n. Ó ń wúwo sí i. Ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá ń pe ìdílé rẹ̀ láti ìran dé ìran, síbẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ bàbá tó bí i, tí à bá fi mọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, ẹ jókòó."

Ó ní, "Mo ti jókòó tó."

Ni ohun tí mo pọ̀n bá fẹnu sí mi létí, ó sọ orúkọ ara rẹ̀. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo yíjú sí obìnrin náà, mo la ẹnu, ni ẹ bá fọwọ́ kàn mí léjìká pé ilẹ̀ ti mọ́.