Aago Tó Wà Nínú Àpótí Ìyá Àgbà

Ogún aago kékeré ni nọ́ọ̀sì kó wá sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì so wọ́n mọ́ ọwọ́ ogún ọmọ. Aago náà kì í sọ àkókò, ìṣísẹ̀ ló ń kà. Ọjọ́ méje ni wọ́n máa fi wọ̀ ọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ìwòyí ń lo ara wọn tó, nítorí ìjókòó ti pọ̀ jù. Tíṣà eré ìdárayá wá fi tirẹ̀ kún un: ẹni tí kò bá tó ẹgbàarin ìṣísẹ̀ lójúmọ́ kò ní sá eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin.

Èyí kò ba Ìjì lẹ́rù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, òun ló ń sá ìpele ìkẹyìn nínú eré náà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fún un.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó bọ́ aago sójú fèrèsé kó lè wẹ̀. Ìgbà tó máa fi jáde, kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn bàtà, ó da omi garawa nù. Òfo. Kò jẹ́ sọ fún ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Ó mọ ohun tó máa gbọ́: "Ohun olóhun lo sọ nù? Ohun olóhun!" Súwẹ́tà ló ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú ooru, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọwọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa dá aago padà, ìyá àgbà pè é sí yàrá. Ó ṣí àpótí, ó mú ìdì aṣọ kan jáde, ó tú u, ó tún tú òmíràn nínú rẹ̀. Aago náà ń dán gbinrin.

"Gbà. Mo rí i lójú fèrèsé, mo bá ọ tọ́jú ẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá rí àpá kan lára ẹ̀, kó wá bá mi."

Ìjì bú sẹ́kún.

"Kí ló dé? Ṣé mo jí i ni?"

"Ìyá àgbà, wíwọ̀ ni wọ́n ní ká máa wọ̀ ọ́. Wọ́n á ní mi ò rìn rárá. Wọ́n á yọ mí nínú eré ìje."

"Ìwọ tí ìdí rẹ kì í kan àga?"

Ìyá àgbà wọ bàtà. Orókún rẹ̀ kì í jẹ́ kó kọjá ìloro, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó rìn dé ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sinmi lọ́nà.

Nọ́ọ̀sì fi aago sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ẹgbàaje. Lẹ́yìn náà, òdo, òdo, títí dé ìparí. Bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Àga ti ní ẹgbàawàá lójúmọ́, gbogbo kíláàsì sì mọ̀ pé ó kàn ń mi ọwọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n ni.

"Ẹ má bínú, mà," ni tíṣà wí. "Ohun tí aago bá kà la máa gbà."

"Àpótí mi ló kà. Ẹ ti rí àpótí tó ń rìn rí?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó mú ìwé kan jáde. Ó ní bí ọmọ bá bọ́ aago, ará ilé lè sọ ohun tó ṣe. Ìyá àgbà fìdí mọ́lẹ̀ sórí àga. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, kò sí ohun tó ń kọjá lójú rẹ̀.

"Ọjọ́rú, ó pọn omi lẹ́ẹ̀mẹ́fà níbi ẹ̀rọ ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì ni, ẹ kà á lálọ, kẹ́ ẹ kà á lábọ̀. Ó gbálẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn. Ó gbé àgbàdo lọ lọ̀. Ó fọ aṣọ mi. Ọjọ́bọ̀..."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Tíṣà gba ìwé náà, ó kà á tán, ó fọwọ́ nu ojú.

"Aago mẹ́rin la máa ń ṣe ìgbáradì, kì í wá. Mo rò pé ìgbéraga ni. Ó máa sá a, ṣùgbọ́n ìpele kẹta ni. Mo ti fún ẹlòmíràn ní ìkẹyìn, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ìjì wí.

"Ó ku ìlà kan, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Eré wo ló ṣe?"

"Eré bíi báwo?"

"Kó fo okùn, kó gbá bọ́ọ̀lù, kó bá ẹgbẹ́ ẹ̀ sáré. Èyí tó wu òun fúnra ẹ̀."

Ìyá àgbà wo Ìjì. Ìjì wolẹ̀. Ìyá àgbà fi ìka ka àwọn ọjọ́ náà láti Ọjọ́rú, ó dé orí ìka tó kẹ́yìn, ó tún padà bẹ̀rẹ̀.

"Iṣẹ́ ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Tèmi ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀."

"Ṣé kí n kọ òdo, mà?"

"Ẹ kọ ọ́. Òótọ́ ni." Ó yíjú sí Ìjì. "Aago mẹ́rin yẹn gan-an ni mo máa ń rán ọ lómi. Láti òní lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa pọn ọ́, láàárọ̀. Èmi ni mo máa fọ aṣọ mi."

"Orókún yín ńkọ́, ìyá àgbà?"

"Ṣé orókún ni wọ́n fi ń fọṣọ ni?"