Ẹni Tó Lajú Wọ Àlá

Orí òrùlé ni Kunzes wà, tó ń to koríko gbígbẹ tí àwọn màlúù máa jẹ nígbà òtútù, nígbà tí Murup awakọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ó gbójú sókè, ó sì dúró.

"Aché, arábìnrin mi, kí lò ń ṣe níbí?"

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni, Acho Murup, arákùnrin mi? Koríko ni mò ń tò."

"Mo rí koríko. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé kí lo ṣì ń ṣe lábúlé yìí. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti lọ láàárọ̀ àná. Àní Chuskit ti gbà ọ́. Ó ní kó o máa bọ̀ kí ọ̀nà tó dí, kó o wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ òun."

Ẹrù koríko wà láyà Kunzes, kò gbé e sílẹ̀, kò sì tò ó. Láti orí òrùlé yẹn, ó ń rí ibi tí ọ̀nà ti gba àárín àwọn òkè kọjá. Gbogbo rẹ̀ ti funfun. Ọ̀nà kan ṣoṣo tá a ní nìyẹn, tí yìnyín bá sì ti bò ó, àfi ká dúró de ẹ̀rùn.

"Ta lo jíṣẹ́ fún?"

"Mémé ni. Ìrọ̀lẹ́ ìjẹta. Ṣé kò sọ fún ọ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ó sì ń kọrin lọ sílé. Mo ní, bàbá yìí mà láyọ̀ o."

Mémé là ń pe bàbá àgbà. Mémé Tundup ni àbúrò bàbá tó bí ìyá Kunzes, ilé rẹ̀ ni Kunzes ń gbé látìgbà tó ti parí ìwé. Kì í ṣe ẹni tó fá orí bí àwọn onísìn, kò sì gbé inú ilé ìsìn rí. Ó níyàwó kí ìyàwó náà tó kú, ó ń dáko ọkà báálì, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ àlá, òun ló sì ń kọ́ Kunzes. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ ni pé ní ojúmọmọ, ohunkóhun tó bá rí, kó máa sọ sínú ara rẹ̀ pé, "Àlá ni èyí." Ajá gbó, àlá ni. Tíì dà nù, àlá ni. Tó bá ti mọ́ ẹnu lára lójúmọmọ, ẹnu á sọ ọ́ lójú oorun pẹ̀lú, ẹni tó ń lá àlá á sì mọ̀ pé àlá lòun ń lá.

Ìyẹn ti yé Kunzes. Ó máa ń ta jí láàárín àlá báyìí, bí ẹni tó sùn nínú ọkọ̀ tó lajú, tó bá a pé ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ohun tó ń wá ni èkejì, èyí tó le: kéèyàn dùbúlẹ̀, kó sì gba ojú ayé bọ́ sínú àlá láìsọnù níbì kankan lójú ọ̀nà. Ó ti ń gbìyànjú ẹ̀ láti òtútù èṣí. Wọ́n ní kó fi ọkàn sí ìmọ́lẹ̀ pupa kékeré kan nínú ọ̀fun, kó má fún un mọ́wọ́ jù, kó má sì jọ̀wọ́ ẹ̀. Tó bá fún un mọ́wọ́, oorun á sá. Tó bá jọ̀wọ́ ẹ̀, ohun tó máa gbọ́ tẹ̀ lé e ni igbe màlúù ní òwúrọ̀. Àní Chuskit, ìyá onísìn tó ń gbé ní òdìkejì òkè, lẹni tí gbogbo wa gbọ́ pé ó ń wọ àlá bí ẹni wọ ilé ìdáná. Mémé ló ránṣẹ́ sí i nígbà ìkórè pé kó gba ọmọ yìí.

Kunzes sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Murup tẹ̀ lé e wọlé. Mémé jókòó ti ààrò, ó ń fi tíì oníbọ́tà po ìyẹ̀fun ọkà sísun nínú abọ́.

"Mémé, ṣé ẹ rí Murup nírọ̀lẹ́ ìjẹta?"

"Mo rí i lójú àlá."

"Lójú àlá?"

"Lẹ́bàá ògiri àdúrà. Ó ní Àní ti gbà ọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àlá yẹn ò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Látìgbà tí mo ti ránṣẹ́ ni mo ti ń lá a."

Murup wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Mémé, èmi gan-an ni. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi dúró níwájú yín."

Mémé wò ó títí. "Fìlà tó wà lórí rẹ pupa nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo wo òkè, mo tún padà wò ọ́, ó ti di búlúù. Bí nǹkan ṣe ń ṣe lójú àlá nìyẹn, tó o bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì, á ti yí padà."

Murup ṣí fìlà, ó yí inú rẹ̀ síta. Ó pupa. "Ojú méjì ló ní. Yìnyín ti ń bọ́, mo bá yí ojú pupa onírun-àgùntàn sínú. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wo òkè."

"Háà," ni Mémé wí, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. "Nígbà tí mo rí i pé àlá ni, mo ṣe ohun tí wọ́n ní ká ṣe. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo jẹ́ kó lọ."

"Ó sì lọ," Murup dá a lóhùn. "Ọkọ̀ náà bá a lọ."

Kunzes fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, ó sì rín in títí tó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó rí i pé àyà òun ṣì wúwo. Murup náà rí i, ó dágbére, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Mémé gbé abọ́ sílẹ̀. "Mo ti bà á jẹ́ fún ọ."

"Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ kó o lọ. Èmi ò gba ẹnu ọ̀nà àlá yẹn wọlé rí, Kunzes. Inú ilé ni mo máa ń bá ara mi. Mo ti dàgbà sídìí ẹ̀, mo ti darúgbó sídìí ẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe ń wọlé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọ̀nà tí mi ò rìn han ọmọlọ́mọ?"

Kunzes ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó ti ń rò pé bàbá náà kàn ń ṣahun ọ̀rọ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oòrùn mú yàrá onígíláàsì gbóná. Kunzes dùbúlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mémé jókòó síbi orí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, kó lè máa bi í léèrè ní jẹ́jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ má bàa rá.

"Èmi ò retí nǹkan kan lónìí, Mémé. Oòrùn ni mo fẹ́ yá."

"Yá a, kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹ."

Ó wo ìmọ́lẹ̀ inú ọ̀fun rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo iná aládùúgbò láti òkèèrè, tó bá kú, kò kàn án. Apá rẹ̀ wúwo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí mọ́. Ó gbọ́ ohùn Mémé pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" ó sì gbé ìka kan. Igi tó ń jó nínú ààrò dún gbà, ìró náà sì gbòòrò lọ bí omi tó dà sílẹ̀ lórí àpáta. Àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ìpéǹpéjú rẹ̀, ó kọ́kọ́ rí bí ìdọ̀tí, ó tún rí bí aṣọ, lẹ́yìn náà ó ní ewé, ewé náà sì ní afẹ́fẹ́ nínú. Kò sí ibi tó ti já. Ó kàn gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì tẹ ilẹ̀.

Oko báálì ni, lójú ẹ̀rùn. Kunzes dúró sínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun sùn sórí rọ́ọ̀gì, pé oòrùn wà ní èjìká òun, pé Mémé wà lókè orí òun. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé etí omi tó ń gba inú oko náà kọjá lòun dúró sí. Ó tọwọ́ bọ omi náà, ó tutù. Ó sọ fún ọkà pé kó pọ́n, ó sì pọ́n láti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé orí òkè. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ayọ̀ náà ló jí i.

"Mémé, mo gbà á wọlé."

Mémé ò yọ̀ bó ṣe rò. Ó tẹ orí ba. "Kò já?"

"Kò já."

"Kò tilẹ̀ já bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú?"

"Rárá."

"Ìgbà tí ewé yẹn ń yọ, ọ̀fun rẹ ńkọ́? Ṣé o ṣì mọ̀ ọ́n? Èwo lo kọ́kọ́ rí, àwọ̀ ni àbí ilẹ̀?" Ó bi í, ó tún bi í, títí tí oòrùn fi kúrò lórí gíláàsì, bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn ìlú tí wọ́n bí i sí fún.

Lọ́jọ́ kejì, Murup tún dé. Oòrùn ti yọ́ díẹ̀ nínú yìnyín náà, katapílà sì ń la ọ̀nà nítorí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó há sáàárín òkè. Òun náà á bá wọn lọ ní àárọ̀ ọ̀la. "Àyè kan ṣoṣo wà níwájú ọkọ̀ mi, Aché. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni sí i àfi ìwọ. Mo ti wá sọ fún ẹ fúnra mi báyìí, mi ò rán ẹnikẹ́ni."

Mémé dìde ní kíá. Ó ń di ìyẹ̀fun, ó ń di wàràkàṣì gbígbẹ, ó mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn jù nínú tirẹ̀ kún un. Kunzes tẹ̀ lé Murup jáde.

"Tí mi ò bá bá ẹ lọ, ṣé Àní á ṣì gbà mí tí ẹ̀rùn bá dé?"

"Àní? Orúnkún ń dùn ún. Ibo ló fẹ́ sá lọ?" Ó wò ó. "Ó ní ìgbàkígbà tó o bá dé. Òtútù yìí ló sọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà tí ò ń yọ gbogbo abúlé lẹ́nu nítorí àlá láti èṣí, o tún fẹ́ dúró?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ó fẹ́ lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú lẹ́yìn oko báálì yẹn, ó sì dá a lójú pé Àní mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó padà wọlé, àpò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kún. Mémé wà nínú yàrá onígíláàsì. Ó ti dùbúlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì ọ̀hún gan-an, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi lélẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń gbìyànjú ohun tí Kunzes ròyìn. Ojú rẹ̀ rọ̀, ètè rẹ̀ rọ̀, Kunzes sì dúró, kò mí sókè. Lẹ́yìn náà ni bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Kò pẹ́ tí híhan náà fi jí i.

"Mo tún ti sọnù," ó sọ fún ara rẹ̀, láìsí ìbínú, bí ẹni tó ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà.

Kò sẹ́ni tó jókòó síbi orí rẹ̀. Kunzes ronú wò ó: kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun nìkan ló ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn láti ìgbà èwe, láìsẹ́ni tó ń pè é kó má bàa ṣìnà.

Ó wọlé, ó gbé ìrọ̀rí kan, ó fi í sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bàbá náà, ó sì jókòó.

"Àpò ẹ ti wà nílẹ̀," Mémé sọ. "Má jẹ́ kí Murup dúró dè ọ́ lọ́la, ó lẹ́nu."

"Mémé, mi ò ní bá Murup lọ lọ́la. Tí ẹ̀rùn bá dé, màá lọ sọ́dọ̀ Àní. Àmọ́ nígbà òtútù yìí, ẹ̀yin lẹ máa dùbúlẹ̀, èmi ni màá jókòó tì yín, títí ẹ ó fi gba ẹnu ọ̀nà wọlé."