Àpò Afẹ́fẹ́ Tó Tóbi Jù

Àyọ̀ká ọmọ mi, jókòó, kí n rọ́ àlá yìí fún ọ kí n tó bọ́jú. Jíìpù àtijọ́ mi ló wó jókòó ní ẹsẹ̀ òkè, ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, ọsibítù sì wà lórí òkè lọ́hùn-ún. Bí mo ti yíjú, mo ti wà ní ìsọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbé ọkọ̀ dúró wà lára ògiri, gbogbo wọn ń mí bí ẹni tó sùn.

"Tòkunbọ̀ ni, Bàbá," ni ọlọ́jà wí. "Wọ́n ti mí tó nílùú òyìnbó. Ẹnu yín lẹ ó fi fẹ́ ẹ o, ẹ mú kékeré."

Mo ní n kò fẹ́ irú ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni mo mú. Mo fẹ́ ẹ títí, jíìpù ń dìde, àyà mi ń gbẹ. A gun òkè, ọsibítù ń sún síwájú.

"Bàbá Àyọ̀ká," ni ìyá rẹ wí, "ṣé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé?"

Mo lanu láti dá a lóhùn, gbogbo èémí mi ti tán sínú àpò yẹn. Ibẹ̀ ni mo jí.