Ìkíni Àsansílẹ̀

Ètè Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì ń mì nígbà tí bọ́ọ̀lù kọjá orí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ààrá. Ààrá pariwo, ó fò, ó lù ú mọ́ ọwọ́ àwọn tó dúró dè é. Bọ́ọ̀lù padà wá balẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Mo dúró. Èmi ni kóòṣì. Bẹ́ńṣì wa ti kán láti ọdún tó kọjá.

Fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn ọmọkùnrin yunifásítì ni, ìpele tó kẹ́yìn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ ọ́ láàárọ̀: bí a bá pàdánù lónìí, ẹgbẹ́ wa tú ká, gbọ̀ngàn wa di ilé ìkó-àga-sí. Àwọn alágbàárù ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn àga. Wọn ò fẹ́ fi àkókò ṣòfò. Bí a bá pàdánù àmì kan, wọ́n á gbé àga kan wọlé. Bí a bá jẹ ọ̀kan, wọ́n á gbé e jáde.

"Bàbá àgbà, ẹ wo èyí."

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń bá wa ṣe ìṣirò.

"Bí àwọn yẹn bá gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ sí wa, ó yẹ ká gba àmì náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbàpadà nìyẹn. Bó bá jẹ́ Ààrá ló lù ú, ìgbàpadà wa kì í tó ìdajì. Bó bá jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá!"

"Ó dáa."

"Kò dáa! Agbésókè kì í gbé e fún un!"

Agbésókè ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún àwọn tó ń lù ú. Òun ló ń yan ẹni tó kàn.

"Àbí wọ́n ń jà ni?" ó bi mí.

"Rárá. Àna ni wọ́n."

Àbúrò Agbésókè ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ fẹ́. Ilé wọn ò tíì dá a lóhùn.

Ọmọ náà yọ́ lọ sẹ́bàá àwọ̀n, ó ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà. Ó sáré padà.

"Bàbá àgbà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń kí wọn ni!"

"Ó ń kí ta?"

"Agbésókè! Ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá mi gbé…' Kó tó dé 'ni yín lára', bọ́ọ̀lù ti lọ! Ààrá ní tiẹ̀, 'Tèmi!' ló kàn ń ké."

A pàdánù àmì mìíràn. Alágbàárù kan gbé àga wọlé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó lé e, mo sì tọrọ ìsinmi ráńpẹ́.

"Pariwo," mo sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Lé wọn lórí kẹ̀? Kóòṣì, ẹ fẹ́ bà mí jẹ́ nílé àna."

Agbésókè nu òógùn. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó wù mí kí n gbọ́ ọ dópin. Bọ́ọ̀lù ni ò ní sùúrù."

"Ẹ kúkú gbé àbúrò yín fún un," Ààrá wí, "ká ráyè gbá bọ́ọ̀lù."

"Ìwọ dákẹ́," Agbésókè dá a lóhùn. "Ariwo rẹ pọ̀ ju àmì rẹ lọ."

Mo yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"San án sílẹ̀," mo wí.

"Kí ni, sà?"

"Ìkíni. Kí i tán báyìí, ti gbogbo bọ́ọ̀lù tó kù. Nínú pápá, 'Hà' nìkan."

Agbésókè họ irùngbọ̀n. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n kó má dín in kù o."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹrí ba. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ kú ìnàró. Ẹ kú ọwọ́ lókè. Ẹ kú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, ẹ kú èyí tó tẹ̀ lé e. Màmá ń kọ́? Àbúrò yín ń kọ́?"

"Fo ìyẹn."

Rẹfirí fọn fèrè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò gbórí sókè. Rẹfirí tún fọn ọ́n.

"Ẹ sì kú fèrè," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ó wá gbórí sókè.

"Hà!" Agbésókè gbé e, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kàn án mọ́lẹ̀. "Hà!" Ó tún kàn án. Ọkàn àwọn yẹn pòrúùru, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu tiwọn síta. Àga ń jáde.

"Ẹ pinnu o!" alágbàárù kan ké sí wa. "Ẹ̀yìn ń dùn wá!"

Ó ku àmì kan ká borí. Àwọn yẹn ló máa gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi di kókósẹ̀ mi mú.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ìṣirò wí."

Àwọn yẹn náà ní ojú. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Agbésókè. "Hà!" Ẹni mẹ́ta fò dí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lójú bí ògiri. Agbésókè gbé e fún Ààrá. Ó ya Ààrá lẹ́nu débi pé kò rántí láti pariwo. Ó lù ú. Kò sẹ́ni níwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù balẹ̀.

A jẹ. Àwọn ọmọ dì mọ́ra wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló dúró, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ìkíni rẹ kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi," Agbésókè sọ fún un. "N ó bá ọ mú un délé. N ó sọ fún wọn pé mo gbà."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ la ẹnu. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. A pa iná, ó ṣì ń bá a lọ.

Àwọn alágbàárù kó àga wọn lọ. Ọ̀kan ló ṣẹ́ kù, èyí tí mo jókòó lé.