Àga Ẹ̀yìn Àbúrò

Ìlà mẹ́rin tó wà ní èjìká ni Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìlà mẹ́rin, ti ọ̀gá awakọ̀. Mẹ́ta péré ló wà ní èjìká tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tó ti ń wa bàálù.

Bàálù kún fọ́fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àga kan ṣoṣo tó kù ni èyí pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n ń ká mọ́ ògiri lẹ́yìn àwọn awakọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lábẹ́ abíyá, ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn rí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bá yín lọ?"

Àbúrò fẹ́ sáré dìde, bẹ́líìtì fà á padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì ni? Ẹ wọlé."

Igbákejì awakọ̀, ọkùnrin sísanra kan tí kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín, ní òun ò tíì rí ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ń pe àbúrò ní ọ̀gá, àfi nídìí iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò kọjá eyín.

Iléeṣẹ́ ńlá tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kó gbogbo ìrìn kúkúrú fún agbaṣẹ́ṣe. Àwọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ṣì wà lára àwọn bàálù kéékèèké náà, àmọ́ ẹlòmíì ló ń wà wọ́n. Orí bàálù kékeré sì ni awakọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ di ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe yọ àtẹ̀gùn nídìí Ẹ̀gbọ́n nìyẹn, tí wọ́n lọ gbé e ti ògiri ẹlòmíì, tí Àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, fi gùn ún dókè. Ta ló sì kọ́ Àbúrò ní gbogbo ohun tó fi yege ìdánwò? Òun náà ni, lórí tábìlì ilé ìdáná, pẹ̀lú àwo àti ṣíbí tí wọ́n ń pè ní bàálù.

Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ agbaṣẹ́ṣe ṣọ́ àṣìṣe wọn, kó wá rò ó ní ìpàdé ọ̀la. Bí àṣìṣe bá pọ̀ tó, bóyá ìrìn kúkúrú á padà sílé. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó lajú kalẹ̀ bí ìyálé tó ń wo ìkòkò ìyàwó.

Wọ́n gbéra. Kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ Àbúrò rọ̀ lórí irin iṣẹ́, bí ọwọ́ ẹni tó ń di irun ọmọ. Ìyẹn gan-an ló wá dùn ún jù.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, ìkùukùu bo gbogbo fèrèsé. Ilé ìṣọ́ tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ pe nọ́ńbà tí wọ́n máa fi tún aago gíga tò, aago tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí ọkọ̀. Nọ́ńbà náà parí sí mẹ́ta. Igbákejì to mẹ́ta sí aago tirẹ̀. Àbúrò to mẹ́jọ sí tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rí i. Aago yẹn á máa purọ́ fún un pé wọ́n ṣì ga, nígbà tí ilẹ̀ ti fi bí ilé alájà mẹ́wàá sún mọ́ wọn. Òfin ní kí ẹni tó bá rí i sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà: ó mọ òwe náà, ó mọ ìparí rẹ̀. Ó dákẹ́. Ká sọ tòótọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó mí tó ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ìgbà tí àwọn méjèèjì ń ka ìwé àyẹ̀wò fún ara wọn ni igbákejì nàka sí aago. "Ọ̀gá, mẹ́ta ni wọ́n pè o." Àbúrò wò ó, ó tún un tò, ó dúpẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà kanlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ́ńjìnnì kú. Igbákejì jáde. Àbúrò yíjú padà, òógùn wà níwájú orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kẹfà rèé tí wọ́n ti ń fi mí fò, oorun ò tó mi rárá. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn mi, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní bí mo bá ṣìṣe, ẹ̀yin ò ní dákẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ní hẹn. Ó ń wá ibi tí bẹ́líìtì ti ń tú, ọwọ́ rẹ̀ ò rí i. Lójú fèrèsé, àwọn èrò ọkọ̀ ń rìn lọ lórí ilẹ̀ ọlọ́dà: bàbá arúgbó kan tó ń tiro, obìnrin kan tó ń fa fìlà ọmọ rẹ̀ bo etí, àwọn méjì tó ń jiyàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fura pé òun ti ń kà wọ́n. Ó ti ka mọ́kànlélógójì, wọn ò sì tíì tán.