Ọ̀nà Tí Èéfín Ń Gbà

Ìdì àgbàdo kejì náà fọ́ mọ́ Káyọ̀dé lọ́wọ́. Ó ti rò pé ti àkọ́kọ́ kàn ṣèèṣì ni, ṣùgbọ́n bó ti fa háríhá èyí náà, lẹ́búlẹ́bú funfun dà sí i lójú, kòkòrò dúdú kéékèèké sì ń sáré gun apá rẹ̀ bí ẹni tí ọjà ń pè. Orí àkàbà ló wà, orí rẹ̀ nínú òkùnkùn àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ahéré. Ó nawọ́ sí ìkẹta. Ṣùkù lásán ló bá a bọ̀.

"Káyọ̀dé, sọ̀kalẹ̀."

Àmọ̀kẹ́, ìyá rẹ̀, ló ti odò dé, tó gbé korobá omi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá fi ọwọ́ kan di àkàbà mú.

"Ta ló rán ọ gòkè?"

Kò sẹ́ni tó rán an. Ọjọ́bọ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Òwúrọ̀ Sátidé ló gun ọ̀kadà láti Ìkẹ́rẹ́, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama níṣẹ́ irin, kó lè bá ìyá rẹ̀ gbin àgbàdo. Ó fẹ́ gbé irúgbìn sílẹ̀ kí ìyá tó ti odò dé ni.

"Màámi, irúgbìn yín ti tán. Kòkòrò ti jẹ gbogbo rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

Àmọ̀kẹ́ yà sídìí ààrò irin, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti igi kan bọ̀ ọ́, ó sì pa á dé jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Uná rẹ ń jó dáadáa," ló wí. "Sọ̀kalẹ̀ wá jẹun."

Kò sẹ́ni tí yóò rí ààrò yẹn tí yóò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀lẹ ni. Kábínẹ́ẹ̀tì ni í ṣe tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó ẹrù láti Àkúrẹ́ wá sí Adó, èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù ni wọ́n gbé jù sẹ́yìn ọ́fíìsì kan, tòun ti orúkọ ìpínlẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káyọ̀dé tọrọ rẹ̀. Ó fi ayùn irin gé e sí méjì ní ìbàdí, ó gbé apá òkè jù nù. Nínú àpótí fífà méjì tó kù, ó yọ ti òkè kúrò, ó fi ọ̀pá irin dábùú ibẹ̀ kí igi lè jókòó lé e, ó sì so ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ti ìsàlẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún eérú. Ó fi irin pẹlẹbẹ dé òkè rẹ̀, ó gé ojú ìkòkò méjì sí i, ó fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀ kí iná má baà jẹ irin. Odidi ọjọ́ kan ló fi dáná ńlá sínú rẹ̀ ní ìta títí ọ̀dà fi jó tán. Lẹ́yìn náà ló ká páànù bí ẹni ká ẹní, ó fi ṣe páìpù, ó sì tì í gba ara ògiri jáde.

"Ojú ìyá mi ni mo ń rò," ló máa ń sọ ní yàrá àwọn olùkọ́. Òótọ́ ni pé èéfín ti sọ ojú Àmọ̀kẹ́ di pípọ́n. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni ojú náà ti ń pọ́n tí ayùn irin kò jáde nínú àpò.

Ohun tó mú un jáde ni ọjọ́ ìrántí bàbá rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a wá sóko wá jẹ iṣu sísun. Ìyáàfin Elizabeth Akínpẹ̀lú, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, yọjú sínú ahéré láti kí màmá. Kò pẹ́ tó fi sáré jáde, tó ń wúkọ́, tó ń fi hánkáṣíìfù nu ojú.

"Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ irin, orí òkúta ni màmá yín ṣì ń dáná?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé nìkan ló dá iṣu ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Ọ̀sẹ̀ kejì ló lọ tọrọ kábínẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ tó gbé e dé, ó gbé òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jù sẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ̀ ní, "Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù o." Ó fèsì pé ààrò irin náà kò ní dà á nù. Àmọ̀kẹ́ yí páìpù náà ká, ó fọwọ́ kàn án.

"Èéfín ńkọ́? Ibo ni yóò gbà?"

"Ìta ni yóò gbà, Màámi. Ẹ ò ní fojú kàn án mọ́."

Ìyá gbójú sókè wo àjà, níbi tí àgbàdo irúgbìn so rọ̀ sí, tí èéfín ti sọ di dúdú láti ìgbà ayé ìyá ọkọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa." Káyọ̀dé rò pé ìyanu ló gba ẹnu rẹ̀.

Nísinsìnyí tó jókòó ti àwo ẹ̀bà tí kò lè jẹ, lẹ́búlẹ́bú àgbàdo ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ìwò yẹn ń padà bọ̀ wá bá a. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, òun ti gun àkàbà kí òun tó rí i.

"Ẹ kúulé o, Ìyá Tíṣà."

Bàbá Bísọ́lá ni, alábàágbé oko wọn, tó gbé apẹ̀rẹ̀ lérí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àgbàdo ló kún inú rẹ̀, ìdì mẹ́jọ, gbogbo háríhá rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín," ló wí. "Irúgbìn tí ẹ fún wa lọ́dún kẹta ló ń bímọ. Tíṣà, o káre. Àmọ́ wá ológbò kan fún ìyá rẹ. Eku yìí ti pọ̀ jù, kó má baà jẹ èyí náà tán."

"Eku?" Káyọ̀dé wí.

"Èyí tó jẹ irúgbìn yín. Ṣé ìyá kò sọ fún ọ ni?"

Àmọ̀kẹ́ tẹrí ba, ó ń ṣa àgbàdo kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó sọ abẹ́rẹ́ nù sínú rẹ̀. Lágbègbè yẹn, wọn kì í fún èèyàn ní irúgbìn láìbéèrè ohun tó pa tirẹ̀. Obìnrin tí gbogbo oko ti ń wá gba irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí Káyọ̀dé ti gbọ́njú, ló rìn lọ sí ahéré ẹlòmíràn lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bi í. Eku ló sọ.

"Ìyá Bísọ́lá ní kí n bẹ̀ ọ́," ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "kí o ṣe irú ààrò yìí fún òun. Ìyá rẹ kò jẹ́ ká gbádùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ààrò ọmọ mi, ààrò ọmọ mi."

Káyọ̀dé rí i pé ìyá rẹ̀ ń wò ó, ìwò kan náà tó fi wo àjà lọ́jọ́ sí. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò kọjá. Eku kì í wá sẹ́jọ́.

"Kì í ṣe eku, Bàbá Bísọ́lá," ló wí. "Páìpù mi ni. Mo lé èéfín jáde, kòkòrò sì wọlé."

Kò ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó gbọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Eku a máa gbé àgbàdo lọ ni," ló rọra wí, "kì í lọ̀ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú wà lára gèlè ìyá rẹ lọ́jọ́ tó wá. Àmọ́ bí Ìyá Tíṣà bá ní eku ni, eku ni lọ́dọ̀ tiwa." Ó kí wọn, ó bá ọ̀nà oko rẹ̀ lọ.

Káyọ̀dé kò lè gbójú sókè. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé. Koríko ti bo àwọn òkúta náà. Ó hú u, ó gbé wọn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tutù, wọ́n sì wúwo ju bó ṣe rántí lọ. Lẹ́yìn náà ló mú sípánà, ó kọjú sí páìpù.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

"Màámi, òun ló—"

"Mo fi ọwọ́ ara mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fi sílẹ̀. Ọbẹ̀ ni màá máa sè níbẹ̀. Ti àgbàdo yàtọ̀."

Ó fi sípánà sílẹ̀. Ó gbé òkúta kìíní lọ sábẹ́ àjà, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ti fẹ́ fi ojú wọn ibi tí méjì yòókù yóò wà, bó ṣe máa ń fi ojú wọn irin, láìbi ẹnì kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Màámi," ló wí, "èéfín ńkọ́? Ibo ni yóò gbà?"

Àmọ̀kẹ́ gbé ìdì àgbàdo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá, ó rọra lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ lé òkúta náà.

"Sún un sọ́wọ́ òsì díẹ̀," ló wí.